Èmi Kì Í Rán Aṣọ Ẹ̀fẹ̀

Bọ̀dá ni gbogbo ẹgbẹ́ òṣèré ń pè é, bẹ́ẹ̀ obìnrin ni, obìnrin tí ewú ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ lórí rẹ̀. Orí ìtàgé ni orúkọ náà ti bá a wálé. Eré àtijọ́ kan ni wọ́n máa ń ṣe, eré apanilẹ́rìn-ín tó ti wà kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nínú rẹ̀, ọmọbìnrin kan wọ ṣòkòtò, ó dé fìlà, ó sì di akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù olówó kan. Kò sẹ́ni tó dá a mọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ò mọ̀. Ọmọ ọ̀gá rẹ̀ obìnrin tilẹ̀ ń kú lọ lórí ìfẹ́ rẹ̀. Bàbá tó bí i lọ́mọ pàápàá ń wá a kiri, ó bá a pàdé, ó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Fìlà kan ṣoṣo ló fọ́ gbogbo wọn lójú. Ẹni tó kọ irú eré yìí, ó ní láti jẹ́ pé kò tíì wo obìnrin dáadáa rí, tàbí kó jẹ́ pé ó mọ ọmọ aráyé jù bí a ṣe rò lọ.

Lópin eré, ọmọbìnrin náà á ṣí fìlà, irun rẹ̀ á dà sí èjìká. Á sáré wọlé lọ wọ gáùn, á jáde wá, bàbá orí ìtàgé á na ọwọ́ méjèèjì sí i, á ní, "Ṣé ìwọ nìyí, ọmọ mi obìnrin?" Gbogbo gbọ̀ngàn á hó yèè, eré parí. Ohun kan wà tí Bọ̀dá máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́: láti ìgbà tí irun ọmọbìnrin yẹn bá ti dà sílẹ̀, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó wà nínú ṣòkòtò, òun ló ń gba ọ̀gá nímọ̀ràn, òun ló ń bá adájọ́ jiyàn, òun ló ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín. Tó bá ti wọ gáùn báyìí, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró kó máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ń wé ọ̀já mọ́ àyà nínú yàrá ìmúra lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí Àǹtí wọlé. Àǹtí ni àbúrò bàbá rẹ̀, àwọn ló sì ń tọ́jú bàbá láti ìgbà tí ojú wọn ti ń ṣú lọ. Wọ́n gbé àpótí páálí kan dání. Wọn ò jókòó. Wọ́n wo ọ̀já, wọ́n wo ṣòkòtò tó wà lórí àga, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Bàbá ẹ ò jẹun mọ́," ni wọ́n wí. "Àbúrò ẹ ni wọ́n ń béèrè. Láàárọ̀, Ọ̀rẹ́ mi dà? Lọ́sàn-án, Ọ̀rẹ́ mi dà? Mo ti parọ́ títí, irọ́ ti tán lẹ́nu mi."

Ọ̀rẹ́ mi ni bàbá ń pe ọmọkùnrin wọn. Ọmọkùnrin náà ti kú. Ìlú òkèèrè ló ti ń ṣiṣẹ́, ògiri ilé tí wọ́n ń kọ́ wó lù ú, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí kí àwọn ará ilé tó gbọ́. Dókítà ní kí wọ́n má tíì sọ fún bàbá nítorí ọkàn wọn ò lágbára. Wọ́n ń sún un síwájú, wọ́n ń sún un síwájú, títí tí kò fi sí ẹni tó lè la ẹnu sọ ọ́ mọ́. Ohun tó padà wálé nínú ọmọ náà ni àpótí tí Àǹtí gbé dání yìí. Kóòtù kan ló wà nínú rẹ̀, kóòtù aláwọ̀ eérú tí bàbá fọwọ́ ara wọn rán fún un nígbà tó ń lọ.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, Àǹtí?"

"Wọ̀ ọ́. Wá jókòó tì wọ́n, kí wọ́n lè jẹun. Ṣebí iṣẹ́ ẹ náà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Bọ̀dá wọ egungun, nítorí pé iṣẹ́ yìí gan-an ló lé e kúrò nílé bàbá rẹ̀.

Télọ̀ ni bàbá. Aṣọ ọkùnrin ni wọ́n ń rán, kóòtù àti ṣòkòtò, wọn ò sì rán aṣọ obìnrin rí láyé wọn. "Ara obìnrin ò dúró sójú kan," ni wọ́n máa ń wí, àwọn oníbàárà á sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Bọ̀dá kọ́kọ́ rí ipa akọ̀wé yẹn gbà nínú eré, aṣọ tí ẹgbẹ́ ní ò bá a mu, ló bá yọ́ mú kóòtù kan níbi tí bàbá ń kó àwọn èyí tí oníbàárà ò wá gbà kọ́ sí. Kò sọ fún wọn. Ó kàn ní kí wọ́n wá wòran. Bàbá wá, wọ́n jókòó síwájú, wọ́n tilẹ̀ fá irùngbọ̀n wọn nítorí ẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé jáde tó ń rìn bí àkùkọ, tí gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, bàbá dìde, wọ́n sì jáde.

Nílé, wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Mo mọ kọ́là yẹn láti ọ̀nà jíjìn. Èmi kì í rán aṣọ ẹ̀fẹ̀." Láti ọjọ́ náà, wọn ò pe Bọ̀dá ní Ìyá mi mọ́, bẹ́ẹ̀ orúkọ tí wọ́n ti ń pè é láti kékeré nìyẹn. Nígbà tó yá, wọn ò pè é ní nǹkan kan mọ́. Tó bá wá kan ilẹ̀kùn, Àǹtí ló máa ń yọjú láti sọ fún un pé bàbá ń sùn.

Ohun tí Bọ̀dá ń fẹ́ kò pọ̀. Ó fẹ́ gbọ́ "Ìyá mi" lẹ́nu bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó pẹ́ jù. Àǹtí wá ń sọ fún un báyìí pé ilẹ̀kùn lè ṣí, tó bá ti lè wọ ṣòkòtò wọlé. Inú bí i gidigidi, ó sì gbà.

Yàrá tí bàbá ń sùn náà ni wọ́n ti ń ránṣọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Tépù ṣì wà lọ́rùn bàbá, wọn kì í bọ́ ọ, bí wọ́n bá ń sùn gan-an. Ojú wọn ò rí ju òjìji lọ mọ́, ìyè wọn náà ń lọ ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò gbàgbé nǹkan kan.

"Bàbá, ẹ káàsán o," ni Bọ̀dá wí pẹ̀lú ohùn akọ̀wé.

Wọ́n na ọwọ́. Bọ̀dá tẹ̀ síwájú, bàbá sì mú kọ́là kóòtù náà, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán rẹ̀ lọ títí tó fi dé ibi bọ́tìnnì. Ojú wọn tàn.

"Ọ̀rẹ́ mi."

"Èmi ni, Bàbá."

"O mà rù o. Ṣé wọn ò fún yín lóúnjẹ níbẹ̀ ni? Èjìká kóòtù yìí kàn ń fì lára ẹ."

Àǹtí tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà fi etí aṣọ nu ojú. Bàbá jẹ búrẹ́dì, wọ́n mu tíì, wọ́n tún béèrè bóyá ọbẹ̀ wà. Wọ́n ní kí Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Gbogbo ọjọ́ tí Bọ̀dá fi dàgbà nínú ilé yẹn, kò jókòó lórí àga náà rí. Ti oníbàárà ni, àti ti ọmọkùnrin.

Bó ṣe di pé gbogbo ọjọ́ tí eré ò bá sí, Bọ̀dá á di àyà rẹ̀ pinpin, á dé fìlà, á wọ kóòtù òkú, á lọ jókòó ti bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ká sòótọ́, ó ń gbádùn ẹ̀, ìgbádùn náà sì ń tì í lójú. Bàbá ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ bí ìyàwó wọn ṣe di ẹrù lẹ́ẹ̀kan tó fẹ́ lọ, àti ohun tí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́. Wọ́n sọ bí ẹ̀rù ṣe bà wọ́n nígbà tí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ gbọ̀n lórí aṣọ olówó ńlá. Wọ́n béèrè ohun tó yẹ kí àwọn ṣe sí òrùlé tó ń jò. Tí Bọ̀dá bá dá ìmọ̀ràn, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ràn kan náà ni, àtẹnu kan náà, tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n á ní kó lọ pọnmi wá.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó bọ́ sí àárín yàrá. "Kóòtù yìí ń dà mí láàmú. Dúró dáadáa, jẹ́ kí n wọ̀n ọ́."

Tépù kọjá ní èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ sí apá, ó gba ẹ̀yìn lọ. Ẹ̀rù ń ba Bọ̀dá pé wọ́n á mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó mú omi bọ́ lójú rẹ̀ ni pé bàbá rẹ̀ ń fọwọ́ kàn án. Ó ti gbàgbé bí ọwọ́ wọn ṣe fúyẹ́ tó. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tú kóòtù náà, wọ́n ń fọwọ́ dín in kù láìwò ó, títí tí kóòtù àbúrò fi bá ara ẹ̀gbọ́n mu rẹ́gí.

Nígbà tí wọ́n ń rán an ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?"

"Ó wà, Bàbá."

"Ṣé ó ṣì ń ṣe eré yẹn?"

"Ó ṣì ń ṣe é."

"Ṣé wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín gan-an."

Bàbá fi eyín já òwú. "Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn," ni wọ́n wí. "Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí n tó mọ̀ pé òun ni, mo ti rẹ́rìn-ín, mo ń sọ nínú ara mi pé ta ni ọmọ yìí tó mọ ìrìn àwọn oníbàárà mi rìn báyìí. Ìgbà tí mo wá rí kọ́là mi lọ́rùn ẹ̀, ojú tì mí. Mi ò tiẹ̀ wá mọ ohun tó tì mí lójú níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi, bá mi sọ fún Ìyá mi kó máa bọ̀."

Bọ̀dá ò mọ ìgbà tó dìde. Ẹni tó bá ti ṣe nǹkan kan lórí ìtàgé pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó ṣí fìlà, irun rẹ̀ dà sí èjìká. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá, ó gbé ọwọ́ wọn lé irun náà, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, èmi nìyí. Èmi ni Ìyá mi tí ẹ ń pè."

Bàbá fọwọ́ pa irun náà títí. Lẹ́yìn náà wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí Bọ̀dá ò gbọ́ lẹ́nu wọn mọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀," ni wọ́n wí. "Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ. Ṣé o rò pé mo ti gbàgbé ni? Ìwọ á wọ aṣọ ẹ̀, òun á wọ ṣòkòtò ẹ, màá sì na ẹni tí ò ṣẹ̀. Irun ta lo lọ yá dé báyìí?"

"Bàbá, mi ò ṣeré."

"Ohùn ẹ̀ gan-an lo ṣe yẹn, mo gbà fún ẹ." Ẹ̀rín ti kúrò lójú wọn. "Ṣùgbọ́n má fi í ṣẹ̀fẹ̀ fún mi. Tó bá fẹ́ wá, kó wá fúnra ẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, Bọ̀dá wá fúnra rẹ̀. Kò di àyà. Ó wọ gáùn tó dára jù nínú aṣọ rẹ̀, ó sì kan ilẹ̀kùn. Àǹtí ò fẹ́ kó wọlé. "Tí ìwọ bá wọlé, níbo ni kí n sọ pé òun wà?" ni wọ́n wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bọ̀dá ní kí wọ́n sọ pé Ọ̀rẹ́ mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o."

Bàbá na ọwọ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n bá apá gáùn náà pàdé, wọ́n fi ìka méjì tẹ aṣọ rẹ̀ wò, wọ́n wá ojú rírán rẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ wọn gòkè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé èjìká, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Ojú wọn le koko.

"Èjìká tí mo wọ̀n níjọ́sí nìyí," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wọ̀n ọ́n, òun ni mo sì rán kóòtù sí. Èjìká ọmọkùnrin mi ni." Wọ́n fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn. "Mo ní kó o má fi í ṣẹ̀fẹ̀ fún mi."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Bọ̀dá, tépù bàbá ò yí i ká rí. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n wọ̀n ọ́n, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ọwọ́ wọn sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè là á yé wọn, ọ̀rọ̀ náà ni pé Ọ̀rẹ́ mi ti kú. Ó ti dé ètè rẹ̀. Ó wo bàbá tó yí ojú sí ògiri, tí ọrùn wọn ti tín-ín-rín lábẹ́ tépù, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó jáde, ó lọ wọ kóòtù padà.

Bàbá ti dárí jì í kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n dárí jì o, kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́.

"Mo ti rò ó," ni wọ́n wí. "Mo ti mọ ìdí tí ẹ̀gbọ́n ẹ ò fi wá. Gbogbo àwọn èèyàn ló wọ aṣọ mi, àfi òun. Ẹ̀yin méjèèjì jọ ga bákan náà. Dúró, jẹ́ kí n fi ẹ́ wọ̀n ọ́n. Mo fẹ́ rán gáùn fún un. Tó bá ti wọ ìyẹn wá, mi ò ní ṣì í mọ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí inú Bọ̀dá dùn láìsí ìtìjú láti ọjọ́ tí àpótí ti dé nìyẹn. Ó rí ọ̀nà báyìí. Bí gáùn náà bá parí, á wọ̀ ọ́ wọlé, ọwọ́ bàbá á bá iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn pàdé, ohun tí ẹnu ò lè sọ á di sísọ. Ó lọ ra aṣọ aláwọ̀ aró, ó kó o wá.

Iṣẹ́ náà ò yá. Ẹsẹ̀ bàbá ò lè tẹ ẹ̀rọ mọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an, Àǹtí ló ń bá wọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ibi àyà aṣọ obìnrin. Wọ́n ní kí Àǹtí wá dúró kí àwọn fi wò ó, Àǹtí ní òun ò sí nínú irú ìyẹn lọ́jọ́ ogbó òun, àwọn méjèèjì sì jọ jà lé e lórí bí ọmọdé. Ohun tí bàbá bá rán lónìí, wọ́n lè tú u lọ́la pé kò tíì dáa tó fún Ìyá mi. Ní gbogbo àkókò yìí èémí wọn ń kúrú sí i. Àǹtí dábàá pé kí wọ́n gbé e fún télọ̀ míì kó bá wọn parí ẹ̀. Bàbá kọ̀. Bọ̀dá náà kọ̀, ó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe mọ́ wọn. Bí ọwọ́ àjèjì bá lè kan aṣọ náà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Iwájú parí, ẹ̀yìn parí, apá ọ̀tún wọ ibi tó yẹ kó wọ̀. Ó ku apá òsì. Bàbá gé e, wọ́n fi òwú funfun sàmì sí etí ibi tí wọ́n máa rán an mọ́, wọ́n sì ní ó ti rẹ àwọn.

"Tó o bá padà wá, wàá gbé e lọ fún un," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n má sọ fún un pé mo sunkún."

Nígbà tó padà wá, Àǹtí ló jókòó sórí àga onítìmùtìmù, wọ́n sì káwọ́ lérí. Abẹ́rẹ́ ṣì wà láàárín ìka bàbá. Apá òsì gáùn náà ti já bọ́ sílẹ̀.

Bọ̀dá sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó bọ́ kóòtù eérú, ó wọ gáùn náà lé ṣòkòtò lórí, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé ọwọ́ bàbá rẹ̀ lé ojú rírán tó wà ní èjìká. Ó di ọwọ́ náà mú síbẹ̀ títí. Ọwọ́ tí kì í gbàgbé ti gbàgbé.

Níbi ìsìnkú, àwọn aládùúgbò ń béèrè ọmọkùnrin dáadáa tó máa ń wá jókòó ti bàbá. Wọ́n ní ẹ wo ọmọbìnrin yìí, ìgbà tí bàbá kú tán ló tó ráyè yọjú. Àǹtí la ẹnu, wọ́n tún pa á dé. Bọ̀dá gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Olórí ẹgbẹ́ ní kó lọ sinmi, ó ní òun ò fẹ́. Ó di àyà rẹ̀, ó dé fìlà, ó rìn bí àkùkọ, àwọn òǹwòran sì rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín. Lópin, ó ṣí fìlà, irun rẹ̀ dà sílẹ̀, ó sáré wọlé lọ wọ gáùn. Èyí tí ẹgbẹ́ ní wà lórí ìkọ́. Kò wò ó. Inú àpò rẹ̀ ló ti mú èyí tó wọ̀.

Ó jáde sójú iná, apá ọ̀tún rẹ̀ nínú aró, apá òsì ní ìhòòhò, òwú funfun ń rọ̀ dirodiro lára ibi tí kò parí. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹlòmíràn gbà á, kó tó di pé Bọ̀dá dé àárín ìtàgé, gbogbo wọn ti ń gbá ẹsẹ̀ nílẹ̀, àwọn kan ń nu omi ojú. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ò tíì sọ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe eré náà. Aṣọ tí bàbá rẹ̀ rán ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí, ó sì dùn ún gan-an.

Bàbá orí ìtàgé, tí kò mọ nǹkan kan, na ọwọ́ méjèèjì sí i. "Ṣé ìwọ nìyí, ọmọ mi obìnrin?"

Níbẹ̀ yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí eré náà fi sí ọmọbìnrin yìí lẹ́nu. Kó dúró, kó rẹ́rìn-ín músẹ́ ni.

"Èmi ni, Bàbá," ni Bọ̀dá wí. "Ẹ fọwọ́ kàn án wò. Ẹ̀yin lẹ rán an."

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín.